August von Wassermann, ọkùnrin tó ni W inú BW

Àwọn àgbà wa tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà àtijọ́, pàápàá àwọn tó gbé ilẹ̀ Faransé rí, lè rántí lẹ́tà méjì kan tí dókítà máa ń kọ sórí bébà: BW. B yẹn, orúkọ Jules Bordet ni, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. W ni ti ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, August von Wassermann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Àrùn tí wọ́n ń fi àyẹ̀wò náà wá ni rẹ́kórẹ́kó, èyí tí ìwé dókítà ń pè ní syphilis. Fún bí ogójì ọdún, ekukáká la fi lè rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó lórúkọ tó o láyé. Ó gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ó sì gbé orúkọ àrùn ìtìjú lé ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní in lórí. Méjèèjì la máa sọ, torí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀, ó wà nínú àwọn ilé ìwòsàn tiwa náà.

Ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1866 ni wọ́n bí Wassermann ní ìlú Bamberg, ní agbègbè Bavaria, gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Ìdílé Júù ni, ìdílé olówó sì ni, iṣẹ́ báǹkì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ kò tẹ̀lé bàbá sídìí owó. Iṣẹ́ ìṣègùn ló lọ kọ́, ó sì káàkiri dáadáa: ó kàwé ní Erlangen, ní Vienna, ní Munich, ó wá gbàwé ẹ̀rí ní Strasbourg ní 1888. Àwọn kan lára yín á máa bi ara wọn pé, àbí Strasbourg kì í ṣe ìlú Faransé ni? Ìlú Faransé ni lónìí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun 1870 àwọn Jámánì ti gbà á, ọwọ́ wọn ló sì wà títí ogun ńlá àkọ́kọ́ fi parí.

Ní 1891, ìjọba ibẹ̀ dá ilé ìwádìí àrùn àkóràn sílẹ̀ ní Berlin, wọ́n fi Robert Koch ṣe olórí rẹ̀, Koch kan náà tó rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní 1882. Kò pẹ́ tí ilé náà bẹ̀rẹ̀ tí Wassermann fi wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló gba gbogbo wọn lọ́kàn nígbà náà. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé bí ara bá bá àrùn kan jà, ohun kan máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀, bí ọmọ-ogun tó mọ ojú ọ̀tá tó bá jà, tí kò sì ní gbàgbé. Àwa á máa pè é ní ọmọ-ogun ara nínú ìtàn yìí, torí orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é gùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ti àrùn rárá, ó sì dùn ún gbọ́. Ní nǹkan bí 1901, òun àti Albert Schütze fi hàn pé èèyàn lè lo àwọn ọmọ-ogun yìí láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ jẹ́ ti èèyàn tàbí ti ẹran. Ará Jámánì mìíràn, Uhlenhuth, dé ibi kan náà ní àkókò kan náà. Bí wọ́n bá bá ẹ̀jẹ̀ lára àdá ẹnì kan, tó ní ewúrẹ́ lòun fi pa, adájọ́ ti ní ọ̀nà láti mọ òótọ́. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ń sọ̀rọ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ lè sọ ohun gbogbo.

Ẹ gbọ́ bí rẹ́kórẹ́kó ṣe ń ṣe, kí ẹ lè mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sọ ọ́. Egbò kan ló fi ń bẹ̀rẹ̀ lójú ara, egbò tí kì í dunni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, egbò náà á san fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní in á ní ó ti tán. Kò tán o. Ara á tún sú, ìyẹn náà á lọ. Lẹ́yìn náà ni àrùn á wá sùn, ó lè sùn fún ọdún 10 tàbí 20, kó tó jí láti ba ọkàn tàbí ọpọlọ jẹ́. Aboyún tó bá ní in, oyún rẹ̀ lè bàjẹ́, ó lè bí òkú ọmọ, tàbí kí ọmọ gbé àrùn náà wá sáyé. Ní àkókò oorun yẹn, kò sí dókítà tó lè fojú rí i lára èèyàn. Ohun tí gbogbo wọn ń wá ni àyẹ̀wò tó lè mú un níbi tó sá pamọ́ sí.

Ìfigagbága wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1903, Metchnikoff àti Roux ní Institut Pasteur ní Paris ti kó àrùn náà ran ìnàkí, ó sì di ìròyìn ńlá. Àwọn Jámánì kò fẹ́ kí Faransé gba iwájú. Ní 1905, Schaudinn àti Hoffmann rí kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ ní Berlin, ó lọ́ bí okùn tí wọ́n ká. Ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́, Friedrich Althoff, ló ti Wassermann sídìí iṣẹ́ rẹ́kórẹ́kó. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Albert Neisser, ẹni tó rí kòkòrò àtọ̀sí ní 1879, àti Carl Bruck tó jẹ́ ọmọọṣẹ́ Neisser.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò, ti Bordet ni, òun àti Gengou ló gbé e jáde ní 1901. Ẹ jẹ́ ká fi oko ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ tútù, ohun kan wà tí Faransé ń pè ní complément. Ó dà bí alágbàṣe: òun nìkan kì í dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ-ogun ara bá ti di ọ̀tá mú, àwọn alágbàṣe yìí á wọ́ lọ síbẹ̀, wọn ò sì ní padà mọ́. Oko kìíní yìí, iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀? Wọ́n á gbé oko kejì kalẹ̀, èyí tí ojú lè rí: ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí ọmọ-ogun tirẹ̀ ti wà lára rẹ̀, tó ń dúró de alágbàṣe. Bí alágbàṣe bá ṣì wà nílẹ̀, wọ́n á fọ́ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn náà, omi á mọ́ kedere, á pọ́n bí omi ṣapó. Bí oko kìíní bá ti kó gbogbo wọn lọ, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn kò ní fọ́, á kàn rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Èyí tí kò fọ́ yẹn ló ń jẹ́ positif. Ẹ kíyè sí i o: kì í ṣe àrùn ni wọ́n rí. Oko kejì tí wọn ò ro ni wọ́n rí, tí wọ́n wá fi mọ̀ pé ẹnì kan ti gba alágbàṣe ṣáájú.

Ta ni ẹni náà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn Wassermann kò lè gbin kòkòrò àrùn náà sínú ìgò, nítorí náà wọ́n mú ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún tí rẹ́kórẹ́kó pa, ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò kún inú rẹ̀, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, omi yẹn ni wọ́n fi ṣe oko kìíní. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 1906, wọ́n tẹ ìròyìn wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Jámánì. Ọ̀nà náà kò dán níbẹ̀rẹ̀. Ludwik Fleck, dókítà Júù ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì tí iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kọ odindi ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1935. Ó fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ní rẹ́kórẹ́kó dájú, bí 15 sí 20 péré ni àyẹ̀wò náà ń mú nígbà tó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ló wá gòkè dé 70, dé 90. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí a ò mọ orúkọ wọn ló gbé e débẹ̀, àwọn tó ń dín eléyìí kù díẹ̀, tí wọ́n ń fi kún tọ̀hún, bí ìgbà tí alásè ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwa rò pé ó yẹ kí ìtàn máa rántí wọn, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló se ọbẹ̀ yẹn.

Kí a má fi ìwà àìmoore pa á lára, ohun tí àyẹ̀wò náà ṣe kò kéré. Ní 1906 yẹn kan náà, Wassermann àti Felix Plaut fi yẹ omi ẹ̀yìn àwọn aláìsàn kan wò, àwọn tí orí wọn dàrú, tí ara wọn ń rọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi kú. Ilé àwọn alárùn ọpọlọ nílẹ̀ Yúróòpù kún fún irú wọn. Ó jáde pé rẹ́kórẹ́kó tó ti sùn fún ọdún gbọọrọ ló wà nídìí rẹ̀. Wèrè tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ìran ìdílé di àìsàn tó ní ìdí. Ní 1913, Noguchi àti Moore ní New York rí kòkòrò náà gan-an nínú ọpọlọ àwọn tó kú.

Ṣùgbọ́n ní 1907, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó ti da gbogbo rẹ̀ rú. Àwọn mìíràn, Landsteiner ní Vienna wà lára wọn, dán an wò láìlo ẹ̀dọ̀ aláìsàn. Wọ́n lo ọkàn ẹran tí kò ní àrùn kankan, wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, wọ́n fi ìyẹn ṣe oko kìíní. Àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀! Ọkàn màlúù tí kò tíì fojú kan rẹ́kórẹ́kó rí ń dá rẹ́kórẹ́kó mọ̀. Ó wá hàn pé kì í ṣe ọmọ-ogun tó ń bá kòkòrò jà ni wọ́n ń rí láti ọjọ́ yìí. Ohun mìíràn ni, ọmọ-ogun tó dìde sí irú ọ̀rá kan tó wà nínú ara gbogbo èèyàn àti ẹranko. Bí àrùn bá ń ba ẹran ara jẹ́, ọ̀rá yìí á tú síta, ara á sì dìde sí i. Ó di 1941 kí Mary Pangborn, obìnrin onímọ̀ kan ní Albany ní Amẹ́ríkà, tó yọ ọ̀rá náà sọ́tọ̀ látinú ọkàn màlúù, ó pè é ní cardiolipin, ìyẹn ọ̀rá ọkàn.

Rẹ́kórẹ́kó máa ń mú kí ọmọ-ogun yẹn jáde, òótọ́ ni. Kì í ṣe òun nìkan ni. Ibà ẹ̀fọn, palu tí a mọ̀ dunjú nílé wa, lè mú un jáde. Ẹ̀tẹ̀ náà lè ṣe é, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn adẹ́tẹ̀. Àwọn àìsàn ibà mìíràn, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oyún pàápàá, ọjọ́ ogbó, àti lupus, àìsàn kan nínú èyí tí ara èèyàn ń bá ara rẹ̀ jà. Gbogbo wọn lè gba alágbàṣe kí rẹ́kórẹ́kó má sì sí nítòsí. Oko kejì á wà láìro, bébà á sọ pé positif. Faux positif ni àwọn dókítà wa ń pè é: bẹ́ẹ̀ ni tí kì í ṣe òótọ́. Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ṣìṣe, kì í ṣe pé ìgò dọ̀tí. Àyẹ̀wò náà rí ohun tó rí, èèyàn ló ka ìtumọ̀ rẹ̀ sódì.

Kí ni ó ń ná ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀? Ṣáájú 1910, mercure ni wọ́n fi ń wo rẹ́kórẹ́kó, májèlé tí ń mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu, tí ń mú eyín yẹ̀. Ní 1910, Paul Ehrlich, tí òun àti Wassermann jọ wà nídìí ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀, gbé oògùn Salvarsan jáde. Oògùn ńlá ni, àmọ́ arsenic ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti máa gún un léraléra fún oṣù gbọọrọ, òun àti mercure pọ̀ nígbà púpọ̀. Àwọn kan kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí àrùn ń pa lè farada ìyẹn. Ẹni tí palu kàn ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ńkọ́? Òun náà á na apá.

Ìyẹn ti ara. Ti ilé ló tún le jù. Àrùn yìí, ẹ mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ọkọ tó bá gbọ́ pé ìyàwó òun ní in kò ní béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn màlúù. Ìyàwó tó bá gbọ́ nípa ọkọ rẹ̀ á kó ẹrù. Bébà kan ṣoṣo tó láti tú ilé ká.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, àwọn ìyá wa tó ń tajà mọ ìṣirò jù wá lọ. Ká ní abúlé kan ní 1000 èèyàn, tí 10 péré nínú wọn sì ní àrùn kan. Ká ní àyẹ̀wò kan wà tí kò ní fo ẹnì kankan nínú àwọn 10 yìí, ṣùgbọ́n nínú 100 ẹni tí ara wọn dá, á ṣi 5 mú. Ẹ̀yin náà á ní àyẹ̀wò dáadáa nìyẹn. Ó dáa, àwọn tí ara wọn dá lábúlé jẹ́ 990. Bí a bá mú 5 nínú 100 lára wọn, ó jẹ́ bí 50. Nítorí náà bí 60 èèyàn ni bébà wọn á sọ pé positif, 10 péré ló ní àrùn náà. Nínú mẹ́fà, márùn-ún kò ní nǹkan kan. Wàyí, ẹ gbé àyẹ̀wò kan náà lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tó ti ní egbò lára, níbi tí 500 nínú 1000 ti ní àrùn. Àwọn tó máa ṣi mú kò ní ju 25 lọ, níwájú 500 tó jẹ́ òótọ́. Àyẹ̀wò kan náà, àṣìṣe kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí bébà ń sọ níbí, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń sọ lọ́hùn-ún. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àyẹ̀wò Wassermann dàgbà. Wọ́n wá gbé e jáde fún gbogbo èèyàn, aboyún, ọmọ ogun, ọkọ àti ìyàwó ọ̀la.

Ìgbésí ayé Wassermann fúnra rẹ̀ ń dára sí i ní gbogbo àkókò yẹn. Ní 1913, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwádìí tuntun kan ní Dahlem, ní Berlin. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n dá orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel, kò gbà á rí. Bordet ló gba tirẹ̀, ti ọdún 1919. Gbogbo ohun tó fọwọ́ kàn kọ́ ló yọrí. Ní 1911, ìwé ìròyìn pariwo pé ó ti rí oògùn jẹjẹrẹ, nítorí pé ó fi oògùn kan mú kókó jẹjẹrẹ yọ́ lára eku. Ti èèyàn kò ṣeé ṣe. Ní 1921, Carl Bruck jáde, ó ní ẹ̀tọ́ òun nínú iṣẹ́ 1906 pọ̀ ju èyí tí ayé ń fún òun lọ. Wassermann dá a lóhùn. Ìjà lórí ta ló ni iṣẹ́ náà gbóná, nígbà tí ìbéèrè ohun tí iṣẹ́ náà ń rí gan-an ṣì wà nílẹ̀. Lójú tiwa, ìkejì ló yẹ kí wọ́n jà sí. A kò gbọdọ̀ rẹ́ Wassermann jẹ ṣá, ní àwọn ọdún ìkẹyìn yẹn náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1925. Ẹni ọdún 59 ni.

Ó kú tán ni àyẹ̀wò rẹ̀ wá tún gbilẹ̀ sí i. Àjọ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, tó wà ṣáájú ONU, pe àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jọ sí Copenhagen ní 1928. Wọ́n pín ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn kan náà fún wọn, kí oníkálùkù fi ọ̀nà tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì wọn kò bára mu délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀ ní 1935, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún rẹ́kórẹ́kó. New York àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin rí lè dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, kí wọ́n fún un ní bébà. Ta ló máa gbà á gbọ́? Òfin náà ń wá àwọn ọmọ tí ì bá fi àrùn wáyé, ìdí rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí abúlé wa ti 1000 èèyàn yẹn: àwọn tó ń lọ ṣègbéyàwó, tí àrùn náà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn, ni òfin kó jọ fún àyẹ̀wò tó lè ṣi èèyàn mú.

Ọdún 1949 ni ọ̀nà àbáyọ kan yọ. Nelson àti Mayer ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò tó ń lo kòkòrò rẹ́kórẹ́kó gan-an, láàyè, kì í ṣe ọkàn màlúù. Ó le láti ṣe, ó wọ́n, ibi díẹ̀ ló lágbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi yẹ àwọn tí bébà àkọ́kọ́ ti bá lórúkọ jẹ́, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní rẹ́kórẹ́kó, wọn ò ní in rí. Dókítà Moore àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kan náà tẹ̀lé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Lára àwọn kan, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àìsàn lupus ló wá yọjú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń kìlọ̀ ohun mìíràn láti ìgbà yẹn, rẹ́kórẹ́kó nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ìtọ́jú ti rọrùn nígbà náà, ọpẹ́lọpẹ́ pénísílìnì tí Mahoney kọ́kọ́ fi wo rẹ́kórẹ́kó sàn ní 1943.

Lónìí, àwọn àyẹ̀wò mìíràn ti gba ipò BW. Ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí bá fún aboyún ní bébà pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò, tí ẹ bá rí VDRL tàbí RPR níbẹ̀, ọmọ BW ni wọ́n, ọ̀rá ọkàn yẹn náà ni wọ́n ṣì ń lò. Wọ́n rọrùn, owó wọn kéré, wọ́n sì wúlò gan-an, torí pé rẹ́kórẹ́kó ṣì ń pa ọmọ inú oyún, abẹ́rẹ́ kan sì lè gbà á là. Aboyún kò gbọdọ̀ sá fún un. TPHA tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àyẹ̀wò kejì, èyí tó ń wá ọmọ-ogun tó dìde sí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Bí VDRL bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí TPHA ní rárá, ọ̀rọ̀ tí a ń bá bọ̀ láti òkè nìyẹn, faux positif ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ ibi tí kò ti sí àyẹ̀wò kejì nítòsí, dókítà lè gún aboyún lábẹ́rẹ́ ná kó má bàa pẹ́ jù, kó sì fi ọ̀rọ̀ ilé tì sí ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n á fi rí òkodoro.

Ti SIDA náà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo sọ fún èèyàn pé ó ní in. Láti 2019, OMS ní kí àyẹ̀wò mẹ́ta tẹ̀ léra wọn sọ ohun kan náà kí wọ́n tó sọ ọ́. Àyẹ̀wò palu tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, TDR, ní tirẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù ń wá ohun kan tí kòkòrò palu fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ohun náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán. Ọmọ tó ti gba ìtọ́jú, tó ń sáré kiri, lè ṣì jẹ́ positif.

Ó ku ibì kan tí àyẹ̀wò kejì pàápàá kò tíì lè là, ó sì kan àwa gan-an. Àrùn kan wà tí Faransé ń pè ní pian, tó máa ń mú egbò jáde lára àwọn ọmọdé ní abúlé. Kì í ṣe nípa ìbálòpọ̀ ló ń ràn, ara ló ń gbà ran ara, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré pọ̀. Kòkòrò rẹ̀ àti ti rẹ́kórẹ́kó, ọmọ ìyá ni wọ́n, kódà nínú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, wọn ò ṣeé yà sọ́tọ̀. BW kò mọ ìyàtọ̀ wọn. VDRL kò mọ̀ ọ́n. TPHA kò mọ̀ ọ́n. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára àwọn ilẹ̀ tí pian ti jà. Láti àwọn ọdún 1950, OMS àti UNICEF gbé pénísílìnì káàkiri ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé láti lé e lọ, ó sì dín kù gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán pátápátá. Ẹni tó ní in lọ́mọdé, tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ tó sì san, ọmọ-ogun tó bá a jà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ìyá àgbà ẹni ọdún 75 tó lọ ṣe àyẹ̀wò nítorí iṣẹ́ abẹ ojú, kí wọ́n sì ní TPHA rẹ̀ jẹ́ positif, ó lè jẹ́ pé egbò tó ní lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni. Kí ẹni tó bá mú un lọ rántí sọ fún dókítà pé ó ní pian rí, torí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan ní ilé ìwòsàn wọ̀nyí tó lè bá a sọ ọ́.